Ẹ̀kán ọ́ìlì lábẹ́ Corolla: bí mo ṣe pààrọ̀ fílítà fúnra mi nílé

Páálí ni mo kọ́kọ́ fi ṣe iṣẹ́ yìí kí n tó mú sípánà kankan. Láti ìparí oṣù Kẹwàá ọdún 2024 ni ọ́ìlì ti ń kán sílẹ̀ níbi tí mọ́tò wa máa ń sùn, lápá ọ̀tún níwájú. Kò pọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹ̀kán kan. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mẹ́ta. Mo ya páálí, mo ń tẹ́ ẹ sábẹ́ ẹ́ńjìnnì lálaalẹ́, mo sì ń fi báírò kọ déètì sẹ́gbẹ̀ẹ́ àbààwọ́n kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó fi máa di oṣù Kejì ọdún 2025, páálí mẹ́rin ló ti dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn kíṣìnnì, ìyàwó mi sì ti ń wò mí lọ́nà kan.

Toyota Corolla ọdún 2005 ni mọ́tò náà, tòkunbọ̀ tó ti Amẹ́ríkà wá, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ni 1ZZ-FE oní lítà 1.8. Òun ló ń gbé ìyàwó mi lọ síbi iṣẹ́, òun náà la ń gbé lọ sí Èkó tí ọ̀rọ̀ ẹbí bá délẹ̀. A ò ní òmíràn. Mi ò lè máa wo ọ́ìlì rẹ̀ níran kó máa kán dànù.

Mẹ́káníìkì méjì ló ti wò ó. Ẹni àkọ́kọ́ ní tímìn kọ́fà ló ń jò, pé ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ẹnì kejì ní ọ́ìlì síìlì iwájú kíráǹkì, irin ńlá tó ń yí nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, ni. Irọ́ kọ́ ni wọ́n pa. Ẹni tó bá mọ 1ZZ-FE mọ̀ pé ibi tí ìdérí ṣéènì tímìn ti pàdé ara ẹ́ńjìnnì máa ń jò tó bá ti gbó, pé rọ́bà roboto tó wà nídìí ténṣọ́nà, ohun tó ń fa ṣéènì náà le, máa ń gan, tí á sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú ọ́ìlì. Ṣùgbọ́n òkè ni àwọn méjèèjì dúró sí. Kò sẹ́ni tó wọ abẹ́ ẹ̀ nínú wọn. Owó tí wọ́n sì dá lé mi, owó ilé ìwé ọmọ ni.

Tèmi yàtọ̀ sí tiwọn, torí mo rántí ọjọ́ tí kíkán náà bẹ̀rẹ̀.

Oṣù Kẹwàá 2024, títì márosẹ̀ Ìbàdàn sí Èkó

Wọ́n ṣe sáfíìsì mọ́tò náà fún wa ní ṣọ́ọ̀bù kan lónìí, a gbéra lọ Èkó lọ́la. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá Ògùnmákin ni iná pupa tó ní àwòrán ike ọ́ìlì tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Iná yẹn kì í sọ fún èèyàn pé ọ́ìlì kù díẹ̀ káàtó. Ohun tó ń sọ ni pé agbára tó ń ti ọ́ìlì kiri inú ẹ́ńjìnnì ti já, pé irin ti fẹ́ máa ha irin. Ẹni tó bá ní "ẹ jẹ́ á débi tí wọ́n ti ń tún mọ́tò ṣe ná", ẹ́ńjìnnì lẹni náà fẹ́ lọ rà. Mo pa á lójú ẹsẹ̀, mo fi eré tó kù lára ẹ̀ darí ẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ títì, ọwọ́ ìdarí le bí igi. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́, ọ́ìlì ti ta láti iwájú dé ẹ̀yìn, ó ń rú èéfín lórí sáléńsà.

Mẹ́káníìkì tí wọ́n bá wa pè ló fi ohun tó ṣẹlẹ̀ hàn mí. Ó tú fílítà tuntun náà, ìyẹn asẹ́ tó ń sẹ́ ìdọ̀tí kúrò nínú ọ́ìlì, ó sì gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè sí mi: rọ́bà ẹnu fílítà méjì, ọ̀kan lórí èkejì. Ẹni tó ṣe sáfíìsì ti tú fílítà àtijọ́, rọ́bà ìyẹn lẹ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì lókè, kò wòkè, ó wé tuntun mọ́ ọn. Rọ́bà méjì ò lè jókòó léra wọn kí ọ́ìlì gbígbóná máa tì wọ́n kí wọ́n má yẹ̀. Ọ̀kan á yọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ọ́ìlì inú ẹ́ńjìnnì á sì tú dànù kí èèyàn tó mọ̀. Orí ló yọ wá.

Ọkùnrin náà fi sukurudáífà ha ìyókù rọ́bà àtijọ́ tó lẹ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì kúrò, ó lọ ra fílítà mìíràn wá, ó da ọ́ìlì, a bá ọ̀nà wa lọ. Òdómítà wà ní 139,870. Ọ̀sán gangan ni, tírélà ń sáré kọjá létí wa, kò sẹ́ni tó fẹ́ pẹ́ níbẹ̀. Láti òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni mo ti rí ẹ̀kán àkọ́kọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ fún ara mi pé kí n tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀, màá kọ́kọ́ tú fílítà yẹn fúnra mi, màá sì wòkè.

Ohun tí mo rà, àtèyí tí mo kọ̀

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ kan tó ń kó ọ̀pọ̀ èèyàn sí wàhálà. Òdómítà tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà, máìlì ló ń kà, kì í ṣe kìlómítà. Mẹ́káníìkì á ní "ẹ padà wá tó bá ti rin 5,000", ó ń sọ kìlómítà, ẹ̀yin ń ka máìlì, ẹ ti rìn ju 8,000 kìlómítà lọ kẹ́ ẹ tó padà. Kìlómítà 5,000 ò ju máìlì 3,107 lọ. Òdómítà tèmi wà ní 142,618 lọ́jọ́ tí mo ṣe iṣẹ́ yìí, ìyẹn ni pé fílítà ojú títì ti rin máìlì 2,748, bíi 4,420 kìlómítà. Àkókò ti tó láti pààrọ̀ ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò jò rárá.

Mo lọ sí Gate, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò n'Ìbàdàn. Nọ́ńbà fílítà Toyota tó bá ẹ́ńjìnnì yìí mu ni 90915-YZZF2, mo kọ ọ́ sórí ìwé kí n tó kúrò nílé. Ní ìsọ̀ àkọ́kọ́, wọ́n gbé ọ̀kan fún mi tí nọ́ńbà àti páálí rẹ̀ pé. Mo yí i dojú kọ oòrùn, mo wo ẹnu ẹ̀. Rọ́bà ẹnu ẹ̀ le, èékánná ò wọlé sí i lára. Inú àwọn ihò kéékèèké tó yí ẹnu ẹ̀ ká, ó yẹ kí èèyàn rí awẹ́ rọ́bà kan tó dé wọn láti inú. Tẹ́ ẹ bá fi igi ìtayín tì í, á tẹ̀, tẹ́ ẹ bá yọ igi, á padà síbi tó wà. Tèyí ò tẹ̀ rárá, bí ẹni fi páálí ṣe é. Mo dá a padà, mo dúpẹ́, mo lọ sí ìsọ̀ mìíràn. Ìsọ̀ kẹta ni mo ti rí èyí tó tẹ́ mi lọ́rùn, mo sì ra méjì. Mo ra wọ́ṣà tuntun fún nọ́ọ̀tì ìdí súmpù, àwo tó ń gba ọ́ìlì sí ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, pẹ̀lú. Ẹ má ṣe fojú kéré wọ́ṣà. Irin rírọ̀ ni, ó máa ń tẹ̀ láti dí àlàfo, tó bá ti tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kì í tẹ̀ dáadáa mọ́.

Lórí ọ́ìlì, èmi àti ọ̀gá tó ń tà á jọ sọ ọ̀rọ̀ gùn. Ó ní 20W-50 ni kí n rà, pé oòrùn tiwa ò gba ọ́ìlì tó ṣàn bí omi. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà bẹ́ẹ̀, mi ò sì bá a jà. Ṣùgbọ́n ìwé mọ́tò tó wà nínú píjìnhóòlù sọ pé 5W-30 ni. Nọ́ńbà tó wà níwájú W ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ń ṣàn nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù, èyí tó tẹ̀ lé e ń sọ bó ṣe ki tó tó bá ti gbóná dé ìwọ̀n 100 ti Sẹ́síọ́ọ̀sì. Ẹ́ńjìnnì yìí ní VVT-i, ẹ̀rọ tó ń yí àkókò ṣíṣí fáàfù padà, agbára ọ́ìlì ló sì fi ń ṣiṣẹ́, láti ojú ihò tóóró tó ní asẹ́ tíńtín. Àárọ̀ ni ẹ́ńjìnnì máa ń jẹ ìyà jù, láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ta á. Ọ́ìlì tó bá ki jù máa ń pẹ́ dé òkè lásìkò yẹn. Mo ra 5W-30, kẹ́ẹ̀gì lítà 4.

Sátidé, ọjọ́ 8 oṣù Kejì 2025

Aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo ta ẹ́ńjìnnì fún ìṣẹ́jú márùn-ún péré, mo pa á, mo jẹ́ kó sinmi fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ọ́ìlì tó lọ́wọ́ọ́wọ́ máa ń kó ìdọ̀tí jáde ju èyí tó tutù lọ, ṣùgbọ́n èyí tó gbóná á bó èèyàn lára.

Mo fa hánbíréèkì, mo fi jíà sí P, mo fi igi há taya ẹ̀yìn méjèèjì. Ọmọ mi ọkùnrin, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ló ń tẹ jáàkì. Sítáǹdì irin méjì ni mo fi gbé iwájú mọ́tò náà dúró, mo gbé taya sípíà sí abẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kó lè gbà á tí nǹkan bá yẹ̀, lẹ́yìn náà mo fi ọwọ́ méjèèjì mi mọ́tò náà tagbáratagbára kí n tó gbé orí mi sábẹ́ ẹ̀. Mo ti rí i tí àwọn èèyàn ń gbé mọ́tò lé búlọ́ọ̀kù tí a fi ń kọ́lé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Búlọ́ọ̀kù kì í tẹ̀ kó tó fọ́, kì í ké kí èèyàn gbọ́, ẹ̀ẹ̀kan náà ló máa ń ya. Jáàkì nìkan náà ò sì tó. Mi ò mọ fílítà tó tó ẹ̀mí èèyàn.

Mo gbé báàfù sábẹ́ súmpù, mo fi sípánà 14 sí nọ́ọ̀tì ìdí ẹ̀. Kó tó yí ni mo ti rí gọ́ọ̀mù. Ẹnì kan ti fi òwú wé ẹnu nọ́ọ̀tì náà, ó fi gọ́ọ̀mù dúdú bò ó mọ́lẹ̀ bí ẹni rẹ́ ògiri. Bí mo ṣe ń tú u ni gọ́ọ̀mù ń ya wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Ohun tó bà mí lẹ́rù níbẹ̀ ni pé èyí tó bá já sínú súmpù á lọ bá asẹ́ tí pọ́ọ̀ǹpù fi ń fa ọ́ìlì, tó bá dí asẹ́ yẹn, iná pupa á tún tàn. Mo jẹ́ kí ọ́ìlì dà tán, bí ogún ìṣẹ́jú, mo wá na ìka sí ojú ihò náà, mo fa ègé gọ́ọ̀mù méjì jáde. Mo fọ nọ́ọ̀tì náà, ẹnu rẹ̀ ṣì mú. Kò nílò òwú, kò nílò gọ́ọ̀mù rí. Wọ́ṣà tuntun ló nílò, wọ́ṣà tó sì wà lára ẹ̀ ti pẹlẹbẹ bíi bébà.

Mo wé e padà pẹ̀lú wọ́ṣà tuntun. Ìwọ̀n tí wọ́n ní ká fún nọ́ọ̀tì yìí ni 37 Nm (Nm ni wọ́n fi ń wọn agbára tí a fi ń yí nọ́ọ̀tì). Tí ẹ bá fẹ́ mọ bí ìyẹn ṣe rí lọ́wọ́, nọ́ọ̀tì taya mọ́tò kan náà, 103 Nm ni. Ìdá mẹ́ta rẹ̀ kan ló tó, ọwọ́ kan, sípánà kúkúrú, kò gba kí èèyàn fi ẹsẹ̀ tì í. Aluminiọ́mù ló wà níbòmíràn nínú ẹ́ńjìnnì yìí, ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀tì ibẹ̀ ló sì ti kú lọ́wọ́ alágbára.

Fílítà

Ibi tó wà rí bákan. Lápá ọ̀tún ni, iwájú, ó ń wo ilẹ̀, abẹ́ nìkan ni ọwọ́ ti lè dé e dáadáa. Ráǹṣì onífìlà tí mo yá lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi ń yọ̀ lórí ẹ̀, torí fílítà ojú títì náà ò tóbi tó èyí tó yẹ. Àwọn kan máa ń gba sukurudáífà wọ inú fílítà kọjá láti fi yí i. Nígbà míì á yí, nígbà míì á kàn ya, ẹnu ẹ̀ á sì kù sókè láìsí ohun tí a lè dì mú. Mo gé tíúbù kẹ̀kẹ́ àtijọ́, mo wé e mọ́ fílítà ní ìlọ́po méjì, mo wá fi ráǹṣì náà lé e. Ó ké gín-ín, ó tú. Ìyókù, ọwọ́ ni mo fi yí i, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́, torí ọ́ìlì tí a ti lò kò dáa fún awọ ara, ó lè fa àrùn jẹjẹrẹ fún ẹni tó bá ń fọwọ́ kàn án léraléra.

Bó ṣe bọ́ sọ́wọ́ mi, ẹnu ẹ̀ ni mo kọ́kọ́ wò. Rọ́bà ẹ̀ wà níbẹ̀, odindi. Kí n sọ òótọ́, ọkàn mi rẹ̀wẹ̀sì díẹ̀. Mo ti ń rò pé rọ́bà méjì ni màá tún bá, pé ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀. Mo nu ojú ibi tí fílítà ń jókòó sí lára ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú àkísà, mo fi ìka ọwọ́ yí i ká, mo ní ó mọ́. Mo ti na ọwọ́ sí fílítà tuntun.

Ọmọ mi ló dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́. Ó ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ibí yìí. Ó dà bíi pé òwú dúdú kan wà lára ẹ̀." Mo ní kó má mi tọ́ọ̀ṣì náà. Nígbà tí iná gba ẹ̀gbẹ́ wọlé ni mo tó rí i. Ní etí inú ojú ìjókòó náà, níbi tí ìka ò lè dé, bíbẹ́ rọ́bà kan lẹ̀ síbẹ̀, ó tín-ín-rín bí òwú ìránṣọ, ó ká bí oṣù tuntun, gígùn ẹ̀ kò ju ìka ọwọ́ mi kékeré lọ. Oòru ẹ́ńjìnnì ti sè é mọ́bẹ̀, ó dúdú, ó ń dán, ó le bí èékánná. Ègé rọ́bà àkọ́kọ́ ni, èyí tí wọ́n gbàgbé sókè ní ṣọ́ọ̀bù, tí sukurudáífà ojú títì kò ha tán.

Mo tún gbé fílítà àtijọ́ náà, mo yí rọ́bà ẹnu ẹ̀ sí oòrùn. Níbì kan lára ẹ̀, ojú àpá wà níbẹ̀, ó ká bí oṣù tuntun, ó gùn bákan náà. Mo gbé ègé yẹn lé e, ó jókòó sínú àpá náà wẹ́kú. Oṣù mẹ́ta àti díẹ̀ ni rọ́bà tuntun ti fi jókòó lórí ègé yẹn, tí ọ́ìlì ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yọ́ jáde, tó ń ṣàn gba ara ẹ́ńjìnnì wá sílẹ̀, tí afẹ́fẹ́ títì sì ń fẹ́ ẹ kiri títí tó fi dà bíi pé tímìn kọ́fà ló ń jò. Ọmọ mi ò sọ nǹkan kan, ó kàn ń rẹ́rìn-ín. Mo fọwọ́ pa á lórí, ọ́ìlì bá a lórí.

Mi ò fi irin yọ ègé náà. Ojú ìjókòó yẹn rọ̀, ìlà sukurudáífà méjì ti wà níbẹ̀ láti oṣù Kẹwàá. Mo fi káàdì ATM tí kò ṣiṣẹ́ mọ́ tì í láti ẹ̀gbẹ́, díẹ̀díẹ̀, ó sì bọ́. Mo fi èékánná tọ ìlà méjèèjì: kò jìn, èékánná ò há sí i. Mo fi àkísà tó mọ́ nu gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́ẹ̀kẹta, àkísà náà funfun.

Fílítà tuntun, mo da ọ́ìlì díẹ̀ sínú ẹ̀, mo jẹ́ kí bébà inú ẹ̀ mu ún. Mo fi ìka tọ́ ọ́ìlì tuntun sí rọ́bà ẹnu ẹ̀ yí ká. Rọ́bà gbígbẹ ló máa ń lẹ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì tí á sì kù sókè lọ́jọ́ tí a bá fẹ́ tú u. Mo fi ọwọ́ wé e títí rọ́bà fi kan ara ẹ́ńjìnnì. Mo fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí ìdí ẹ̀, níbi tí aago méjìlá yóò wà tí a bá ń wò ó láti ìsàlẹ̀, mo wá yí i títí ìlà náà fi dé aago mẹ́sàn-án. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìyípo ni ìyẹn, ó parí. Ọwọ́ lásán, kì í ṣe ráǹṣì.

Lítà 3.7, kì í ṣe lítà 4

Ibi tí ìfẹ́ owó ti máa ń ba iṣẹ́ jẹ́ nìyí. Ẹ́ńjìnnì yìí, tí a bá pààrọ̀ fílítà mọ́ ọ́ìlì, lítà 3.7 ló ń gbà. Kẹ́ẹ̀gì jẹ́ lítà 4. Ọ̀pọ̀ á dà á tán kó má bàa ṣòfò. Ọ́ìlì tó bá pọ̀ jù, kíráǹkì á máa lù ú, á di ìfóòfó, ìfóòfó ò sì lè gbé irin kúrò lára irin. Mo fi àrọ da lítà 3.5, mo ta ẹ́ńjìnnì. Iná pupa tàn fún bí ìṣẹ́jú àáyá méjì, ó kú. Mo jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú méjì, ọmọ mi ń fi tọ́ọ̀ṣì wo ẹnu fílítà látìsàlẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́, kò sí ibi tó ń tutù. Mo pa á, mo dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo sọ mọ́tò kalẹ̀ sílẹ̀ títẹ́jú, mo fa gééjì, mo nù ún, mo kì í bọ̀ ọ́, mo tún fà á. Mo fi díẹ̀díẹ̀ kún un títí ó fi kù díẹ̀ kó kan àmì òkè. Èyí tó kù nínú kẹ́ẹ̀gì wà nínú búùtù.

Mo fi mákà kọ 142,618 àti déètì sí ìdí fílítà. Ẹni tó bá tún wọ abẹ́ ẹ̀, yálà èmi ni tàbí ẹlòmíràn, kò ní máa méfò.

Sọ́ńdè, ọjọ́ 9

Mo gé fílítà ojú títì náà. Ayùn irin ni mo lò. Ọ́ìlì ń gba àwọn ihò kéékèèké ẹ̀gbẹ́ ẹnu fílítà wọlé, á gba inú bébà tí wọ́n ṣẹ́ léra léra kọjá láti òde sí inú, á sì gba ihò ńlá àárín jáde padà sínú ẹ́ńjìnnì. Awẹ́ rọ́bà tí mo fi igi ìtayín tì lọ́jà ló ń dá ọ́ìlì dúró sínú fílítà nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá kú, kí àárọ̀ má bàa gbẹ. Ó tún yẹ kí fáàfù kan wà nínú ẹ̀ pẹ̀lú sípíríǹgì, tó máa ṣí bí bébà bá dí, torí ọ́ìlì ìdọ̀tí sàn fún ẹ́ńjìnnì ju àìsí ọ́ìlì lọ.

Nínú èyí tí mo gé, mi ò rí sípíríǹgì kankan. Bébà ẹ̀ ṣẹ́ díẹ̀, àlàfo wà láàárín ìṣẹ́po kan sí èkejì, lápá kan gọ́ọ̀mù tó mú un ti tú, ihò ṣí sílẹ̀ tí ìka lè wọ̀. Ọ́ìlì ti ń gba ibẹ̀ kọjá láìsẹ́. Mo fa òòfà gba ara bébà náà, irun irin díẹ̀ ló bá a, kò ju bó ṣe yẹ lọ, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mi ò bá ọkùnrin tó ràn wá lọ́wọ́ wí. Ohun tó rí lójú títì ló rà, ó sì gbé wa dé Èkó.

Ọmọ mi bi mí pé ta ló kọ́kọ́ ro irú nǹkan báyìí. Mo sọ ohun tí mo mọ̀ fún un: ọmọ Amẹ́ríkà kan, Ernest Sweetland, òun àti ẹnì kan tó ń jẹ́ George Greenhalgh, ní 1923, wọ́n sì pè é ní Purolator. Ó ní kí n gé fílítà tuntun kejì kí òun lè fi wéra. Mo ní ìyẹn ṣì níṣẹ́ láti ṣe.

Kọ́ńdẹ́ẹ̀mù ọ́ìlì, ìyẹn ọ́ìlì àtijọ́ tí mo dà jáde, mo rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì, mo dé e. Kò lọ sí gọ́tà. Àdúgbò wa ń mu omi kànga, ohun tó bá sì wọ ilẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wa, inú kànga ló ń lọ. Àwọn tó ń ṣe búlọ́ọ̀kù nítòsí wa máa ń fi í pa inú mọ́ọ̀dù kí búlọ́ọ̀kù má bàa lẹ̀, káfíńtà náà sì ń fi í kun pákó òrùlé nítorí ikán. Káfíńtà ló kọ́kọ́ wá, òun ló gbé e.

Àkọsílẹ̀ páálí

Sọ́ńdè 9: ẹ̀kán kan, ó kéré. Mo wọ abẹ́ ẹ̀ lọ wò ó: ọ́ìlì àtijọ́ tí mi ò nù tán lábẹ́ ẹ́ńjìnnì ni. Mo nù ún.

Ọjọ́ Ajé 10: kò sí.

Ìṣẹ́gun 11 títí dé Ẹtì 14: kò sí. Gééjì ò yẹ̀ kúrò níbi tó wà.

Sátidé 15: a lọ Èkó, a padà lálẹ́. Nígbà tí a dé Ògùnmákin, ìyàwó mi wo dáṣíbọ́ọ̀dù, èmi náà wò ó, a ò sọ nǹkan kan. Láàárọ̀ Sọ́ńdè, páálí gbẹ.

Fílítà kejì wà nínú dúrọ́ọ̀, ó ń dúró de 145,700. Ìyàwó mi bi mí bóyá òun lè kó àwọn páálí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn dànù wàyí. Mo ní kó kó mẹ́rin àkọ́kọ́, kó bá mi fi karùn-ún sílẹ̀ títí oṣù Kẹta.